Yánrin Ẹ̀yìnkùlé Kan ní Bọ́ládé

Ariwo ló kọ́kọ́ ń kí àlejò káàbọ̀ sí Òṣòdì. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line láti Agége ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2025. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì, n kò tíì gbé báàgì mi kọ́ èjìká tán tí agbèrò méjì ti ń fà mí lápá: ọ̀kan ní Ìyànà-Ìpájà ni mò ń lọ, èkejì ní Mushin ni. Mo ṣàlàyé fún wọn pé Bọ́ládé ni mò ń lọ, ẹsẹ̀ mi yóò sì gbé mi débẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n jẹun. Ọyẹ́ mú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Eruku bo orí páànù gbogbo ìsọ̀, ètè oníkálùkù ń là, oòrùn pàápàá kò sì mọ́lẹ̀ ju òṣùpá lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ mọ àdúgbò náà mọ̀ pé Òṣòdì kò jìnnà sí Bọ́ládé. Ènìyàn yóò máa bá ọ̀nà Agége Motor Road lọ, ojú irin ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìsọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ojú irin náà ti pẹ́. Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ láti Èkó, ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901. Orúkọ Òṣòdì tún pẹ́ jù ú lọ. Òṣòdì Tápà ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Tápà ni, kékeré ló wà tó ti dé Èkó, ààfin Ọba Èṣìnlókùn ló sì dàgbà sí. Ó di balógun fún Ọba Kòsọ́kọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1851, ó bá ọba rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọdún 1862 ló padà sí Èkó, ó sì kú ní ọdún 1868.

Ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Ní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Babatúndé Fáṣọlá kó àwọn oníṣòwò kúrò lójú títì àti lójú irin. Ní ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńláńlá mẹ́ta tí ó wà níbẹ̀ báyìí. Bí ènìyàn bá dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wo ìsàlẹ̀, kọnkéré, ọ̀dà, páànù àti orí ènìyàn ni yóò rí. Ewé tútù ṣọ̀wọ́n. N kò rò ó rárá pé Bọ́ládé ni ewé kan yóò ti kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yìnkùlé Màmá Òṣòdì

Màmá Òṣòdì ni gbogbo ẹbí wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, nítorí pé ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń gbé Bọ́ládé. Yàrá kan àti pálọ̀ ló ń gbé nínú ilé alájà kan tí àwọn ayálégbé mẹ́jọ wà. Orúnkún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè gbé korobá omi mọ́. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé iṣẹ́ ìwé kíkọ àti ògbufọ̀ ni èmi ń ṣe, tí mo lè ṣe é níbikíbi tí iná bá wà, ẹbí ní kí n lọ bá a gbé fún oṣù mẹ́ta.

Lẹ́yìn ilé náà ni ilẹ̀ kan wà tí kò fẹ̀ ju ẹní mẹ́ta lọ. Màmá gbin tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ síbẹ̀, ó gbin ata wẹ́wẹ́, ewúro kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ àwọn ayálégbé kan ló máa ń bá a bu omi sí i. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ni ẹ̀rọ tí ń fa omi bòhóòlù ilé náà jó. Gbogbo ayálégbé gbà láti dá owó, ṣùgbọ́n oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀. Ọwọ́ mẹ́ruwà la wá ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì kan lẹ́yìn òmíràn. Omi tí a ń rà kì í kúrò níbi mímu, wíwẹ̀ àti abọ́ fífọ̀. Ta ni yóò bu u sí ìdí ẹ̀fọ́? Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, tẹ̀tẹ̀ ti sorí kọ́, ṣọkọ sì ti gbẹ mọ́ igi.

Mo wá pinnu pé n ó ran Màmá lọ́wọ́. Mo jí ní kùtùkùtù, mo mú ọkọ́ kékeré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀yìnkùlé náà ṣe. Mo hú òkú tẹ̀tẹ̀, mo hú òkú ṣọkọ, mo kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ní igun ibi tí ògiri méjì ti pàdé, mo rí koríko kan tí ewé rẹ̀ tẹ́ mọ́lẹ̀ bí abọ́, tí etí ewé náà rí jágajàga bí eyín ayùn. Eruku ti bò ó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó já ní ọrùn, oje funfun bí wàrà sì dà sí mi lọ́wọ́.

Bí Màmá ṣe yọjú nìyẹn. Kò pariwo. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo igun náà, ó ní, “Ọmọ mi, ta ló ní kí o fa yánrin mi tu?”

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ níhìn-ín. Ìmọ̀ Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì. Mo ti bá yánrin pàdé nínú ìwé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo mọ àmì ohùn orí rẹ̀, tí ènìyàn kò fi ní ṣì í mú fún iyanrìn tí a fi ń kọ́lé. Bí wọ́n bá jí mi lóru, n ó kọ orúkọ náà láìṣì í kọ. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, oje rẹ̀ ń gbẹ sí mi láàrin ìka, n kò mọ̀ ọ́n.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá jókòó sórí àpótí, ó sì sọ ìtàn rẹ̀ fún mi. Ẹ̀yìnkùlé ìyá wọn ní Ìsẹ́yìn ni yánrin náà ti wá. Nígbà tí ìyá àgbà kú, lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá wa gbòǹgbò mẹ́ta nínú ọgbà rẹ̀, ó fi àkísà tútù wé e, ó gbé e wá sí Èkó nínú báàgì aṣọ. Méjì kú, ọ̀kan yè. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ta ilé Ìsẹ́yìn, ẹni tí ó rà á sì ti wó o. Màmá ní, “Ohun tí ọwọ́ ìyá mi gbìn, èyí nìkan ló kù.”

Ìyá rẹ̀ náà ni ìyá ìyá mi. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, kí n lọ fọ ọwọ́ mi.

Ewé tí kì í bẹ̀bẹ̀ omi

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí mo pa. Launaea taraxacifolia ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe yánrin. Lactuca taraxacifolia ni ó ń jẹ́ nínú àwọn ìwé àtijọ́, nítorí pé ìbátan létíúsì ni. Ẹbí kan náà ni òun, ewúro àti ebòlò. Bí ó bá dàgbà, yóò na ọ̀pá gígùn sókè, òdòdó aláwọ̀ ìyeyè yóò sì yọ lórí rẹ̀. Tí òdòdó náà bá gbó, yóò di òwú funfun wẹ́wẹ́, atẹ́gùn yóò sì gbé èso rẹ̀ lọ síbi tí ó bá wù ú.

Èyí tí ó yẹ kí a fiyè sí ni gbòǹgbò rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kì í lò ju àsìkò kan lọ. Ó ń yára dàgbà, ó ń mu omi púpọ̀, ó ń so, ó sì ń kú. Yánrin kò rí bẹ́ẹ̀, ọdún dé ọdún ni tirẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ wọlé jinlẹ̀, inú ilẹ̀ ló ń kó agbára rẹ̀ pamọ́ sí. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le jù, ewé lè gbẹ, kí ènìyàn rò pé ó ti kú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìdí nìyí tí ó fi ń hù lẹ́bàá ọ̀nà, lórí ilẹ̀ olókùúta àti lórí ilẹ̀ tí iṣẹ́ oko ti gba agbára rẹ̀ tán. Àgbẹ̀ tí ó bá ń fi ọkọ́ gé e lórí ebè rẹ̀ mọ̀ pé èyí tí ó ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ lè tún hù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé Èkó kò nílò irú ewé bẹ́ẹ̀ nítorí pé òjò pọ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́ ni òjò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pín ara rẹ̀ dọ́gba. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí di oṣù Èrèlé, a lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìrí ẹ̀kán kan. Òjò a tún máa dá díẹ̀ nínú oṣù Ògún. Ẹni tí kò ní omi ẹ̀rọ, tàbí tí orúnkún ń dùn bíi ti Màmá, yóò mọ̀ pé gbogbo ọgbà kọ́ ni ó lè bomi rin.

A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ronú báyìí. Ní Olómìnira Benin tí ó múlé gbè wá, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pe yánrin ní yantoto, àwọn ènìyàn ti ń mú un kúrò nínú igbó wá sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Òkè òkun náà kò gbẹ́yìn. Láàrin ọdún 2012 àti 2016, ọ̀dá ńlá mú ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ hú koríko iwájú ilé wọn tí ń mu omi lójoojúmọ́, wọ́n sì gbin ewéko ìbílẹ̀ dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn ológbà ibẹ̀ fẹ́ràn ni wild buckwheat, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Eriogonum. Irú rẹ̀ ju igba lọ ní Àríwá Amẹ́ríkà. Oyin àti labalábá ń jẹ lára òdòdó rẹ̀. Nígbà tí òdòdó náà bá gbẹ, tí ó pupa bí irin tí ó dípẹtà, àwọn ẹyẹ a máa jẹ èso rẹ̀. Èyí tí ó wú mi lórí ni pé ewéko tí ó ti wà nílẹ̀ wọn tipẹ́ ni wọ́n padà sí. Àwa náà ní tiwa. Tiwa tún ń wọ inú ìkòkò ọbẹ̀.

Bí a ṣe ń gbìn ín

Bí ẹ bá fẹ́ gbin yánrin, ẹ wá ẹni tí ó ní in, kí ó wa gbòǹgbò tí ó gùn tó ìka kan fún yín, tí ojú ibi tí yóò ti hù sì wà lórí rẹ̀. Ẹ tú ilẹ̀ náà kí ó rọ̀. Ẹ rì í sínú ilẹ̀, kí orí rẹ̀ hàn díẹ̀, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta títí yóò fi mú. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè fi í sílẹ̀. Màmá ní omi tí ó bá dúró sí ìdí rẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀, kì í ṣe òùngbẹ. Ewé ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ máa já, ẹ má ṣe fọwọ́ kan àárín. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè lo ike tí ó jìn, kí ó dá ihò sí ìdí rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà. Ènìyàn lè rí yánrin tí ó hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá títì tàbí lẹ́bàá ojú irin. Ẹ má ṣe já a jẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tó jáwọ́ nínú epo pẹtiróòlù tí ó ní òjé nínú. Òjé kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀, ẹ̀fọ́ etí ọ̀nà sì lè gbà á sára. Epo ọkọ̀, èéfín àti ìdọ̀tí tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ mímọ́ ni kí ẹ gbin tiyín sí.

“Wá wo ohun tí o pa”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ẹ̀ṣẹ̀ mi, Màmá kan ilẹ̀kùn yàrá tí mo sùn sí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó ní, “Dìde, wá wo ohun tí o pa.” Mo tẹ̀ lé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní igun náà, nínú ilẹ̀ tí ó ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀, ewé tútù méjì ti yọ orí. Kò sí ẹni tí ó bu omi sí i. Òjò kò rọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà, èmi sì mí kanlẹ̀.

Ìsinmi ọkàn náà kò pẹ́. Ní ìparí oṣù Èrèlé, ọmọ bàbá onílé wá pẹ̀lú bíríkìlà kan, wọ́n ń wọn ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n fẹ́ da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀ kí òjò tó dé. A kò lè dá a lẹ́bi. Ní ìgbà òjò, ẹrẹ̀ a máa dé ẹnu ọ̀nà àwọn ayálégbé ìsàlẹ̀, ẹ̀fọn a sì máa pa mọ sínú omi tí ó dágún. Àwọn ayálégbé fúnra wọn ló ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ọdún tí ó kọjá. Màmá mọ èyí, ìdí nìyí tí kò fi sọ̀rọ̀. Ó kàn jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń wo okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀.

Èmi ni mo lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní.” Mo sọ ọ̀rọ̀ yánrin fún wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀fọ́? Ṣé kò sí ẹ̀fọ́ ní ọjà Bọ́ládé ni?” Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí ìyá àgbà mi gbìn. Mo ní gbogbo ilẹ̀ kọ́ là ń bèèrè, etí ògiri nìkan ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ní gígùn, méjì ní ìbú. Wọ́n dákẹ́. Bíríkìlà ló gbà mí. Ó ní, “Alhaji, ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a sí. Gọ́tà iwájú ilé ti kún, omi orí kọnkéré yìí á nílò ibi tí yóò rì sí.” Onílé wo Màmá, ó wo igun náà. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí i ká. Ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá ti dé orí kọnkéré mi, n ó dí i pa.”

Bí wọ́n ṣe dá a sí nìyẹn. Àwọn yòókù kò yè. Wọ́n gé ewúro, ibi tí tẹ̀tẹ̀ àti ata wà tẹ́lẹ̀ sì ti le, ó ti funfun, àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀.

Mo ti ń rò pé líle yánrin nìkan tó láti pa á mọ́. Mo fà á tu, ó padà. Ọ̀gbẹlẹ̀ mú un, kò kú. Síbẹ̀, àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan ló kù kí ìtàn rẹ̀ parí. Ohun tí kò bèèrè omi lọ́wọ́ wa ṣì ń bèèrè ilẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ wà tí yóò mọ̀ ọ́n lójú kí ó tó lè bá a bèèrè.

Òjò àkọ́kọ́ tí ó lágbára rọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Omi ṣàn lórí kọnkéré, ó wọ inú ilẹ̀ etí ògiri náà, ó rì. Nígbà tí ó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe tí oṣù mẹ́ta mi pé, yánrin ti di mẹ́rin. Màmá já ewé tí ó kún abọ́ kan. Ó gé e, ó bọ̀ ọ́, ó fún oje kíkorò rẹ̀ dànù, ó sì fi ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ sè é. A fi àmàlà jẹ ẹ́. Ó korò díẹ̀ lẹ́nu mi. Màmá ní bí ti ìyá àwọn ṣe máa ń korò gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí mo ń padà sí Agége, ó wa gbòǹgbò mẹ́ta fún mi, ó fi àkísà tútù wé e. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ìyá kan tí ó jókòó tì mí rí ewé tí ó yọ jáde nínú àkísà náà. Ó tẹ orí ba, ó wò ó dáadáa. Ó ní, “Ṣé yánrin kọ́ nìyẹn, ọmọ mi? Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí i kẹ́yìn.”

Mo ní, “Yánrin ni, mà.” Mo tú àkísà náà, mo fún un ní ọ̀kan.